Àṣẹ Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo

Bí kì í bá ṣe ti eku, Yábàá lè má rí bó ṣe rí lónìí. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku àti kòkòrò amùjẹ̀ ara rẹ̀ máa ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1930. Àwọn aláṣẹ ìgbà náà ṣàkíyèsí pé inú àwọn ilé tó fún mọ́ra wọn ní Erékùṣù, níbi tí omi ìdọ̀tí kò ti rí ọ̀nà gbà, ni eku ti ń bí tó ń rẹ̀. Ní 1928 wọ́n dá ìgbìmọ̀ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti wó irú ilé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì tún ìlú tò. Yábàá wà lára ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n la títì sí, fún àwọn tó ń kúrò ní Erékùṣù. Nígbà tó di 1955, ìgbìmọ̀ kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, ọ̀pọ̀ lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ló sì di ará Sùúrùlérè. Ẹ̀rù eku wà nínú ìpìlẹ̀ àdúgbò wa.

Sùúrùlérè yìí ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí. Kò sí ẹni tó máa gbé ìhà ibí tí kò ní mọ eku. Ní Ojúẹlẹ́gba, ẹni tó ń ta ọ̀tapíápíá á so òkú eku mọ́ orí igi, á máa polówó fún àwọn tó wà nínú gosíló. Ní ọjà Múṣin, onígààrí á di ẹnu àpò rẹ̀ pinpin kó tó relé lálẹ́, síbẹ̀ bó bá dé láàárọ̀, á bá ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò. Ọ̀tá wa ni eku, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ eku mìíràn wà láàárín wa tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé ó wà, òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Bí èèyàn bá gba Ìtirẹ̀ tàbí Lawanson lọ sí Ìdí-Àràbà, á kan ilé ìwòsàn LUTH, á sì kan ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọgbà kan náà. Ọdún 1962 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í wà láìní ilé tí wọ́n ti ń sin ẹran ìwádìí, eku funfun sì ni olórí wọn: irun rẹ̀ funfun báláú, ojú rẹ̀ pupa, ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Wistar ni wọ́n ń pe ìran tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn láàbù wa, nítorí pé Wistar Institute ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín ní 1906. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo máa ń pààrọ̀ èérún igi inú àgò wọn, mo máa ń wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n, mo sì máa ń kọ ìwọ̀n wọn sínú ìwé. Ara eku funfun máa ń gbóná mọ́ni lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ a sì máa lù kìkìkì. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni òun àti eku ńlá tó ń gba inú gọ́tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní gbà bẹ́ẹ̀ tó bá rí àwọn méjèèjì.

Nínú ara eku yìí, jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní Cdt1. Mo ti ń kà nípa rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì tíì sú mi. Kí n tó sọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìṣòro tó wà nílẹ̀.

DNA ni ìwé tí a kọ bí ara yóò ṣe rí sí, inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló sì wà. Ẹ̀dà kan ìwé eku ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.75 lẹ́tà. Ẹ̀dà méjì ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá, gbogbo rẹ̀ sì wà lórí kúrómósómù 42. Ẹ̀dà tiwa sún mọ́ bílíọ̀nù 3, orí kúrómósómù 46 ni a sì kó méjèèjì sí. Ní 2004 ni àwọn onímọ̀ gbé ìwé eku jáde, lẹ́yìn ti èèyàn àti ti èkúté. Wọ́n rí i pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo jíìnì tí ìbàjẹ́ rẹ̀ máa ń fa àìsàn fún wa ló ní ẹlẹgbẹ́ lára eku. Eku ń ké bí eku, ọmọ èèyàn ń fọhùn bí èèyàn, àmọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún, èdè kan náà ni wọ́n fi ń pàṣẹ.

Kí sẹ́ẹ̀lì kan tó di méjì, ó gbọ́dọ̀ da gbogbo ìwé yẹn kọ, kí ọmọ méjèèjì lè rí tirẹ̀ gbà ní pípé. Bó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lórí kúrómósómù ni àdàkọ ti ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí oṣù kan ni kúrómósómù tó gùn jù nínú ara wa máa gbà. Nítorí náà, ẹgbẹẹgbàárùn-ún ibi ni sẹ́ẹ̀lì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì máa ń parí láàárín wákàtí mélòó kan. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Nínú gbogbo ibi wọ̀nyẹn, kò gbọ́dọ̀ sí èyí tó máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí sẹ́ẹ̀lì tó pín. Bí apá kan bá di ìlọ́po méjì ju bó ṣe yẹ lọ, DNA á lọ́ mọ́ra, á já, jíìnì tó wà níbẹ̀ á pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì náà á sì kú tàbí kó ya pòkíì. Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe wá ń mọ ibi tó ti dà kọ yàtọ̀ sí ibi tó kù?

Ní 1988, Julian Blow àti Ronald Laskey, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá a lábàá pé ìwé àṣẹ kan gbọ́dọ̀ wà. DNA gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó ṣe àdàkọ, àdàkọ náà á sì lo àṣẹ yẹn tán, kò sì ní rí òmíràn gbà àfi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti pín. Wọn kò tíì mọ ohun tó ń fúnni ní àṣẹ náà nígbà yẹn, èrò lásán ni. Ní 1994 ni àwọn mìíràn ṣàpèjúwe jíìnì Cdt1 nínú ìwúkàrà kan. Ìwúkàrà ọ̀hún fúnra rẹ̀, inú ọtí jéró ìlà-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìgbà náà, inú mi sì máa ń dùn láti sọ ìyẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Nígbà tó di ọdún 2000, ìwádìí lórí ìwúkàrà àti lórí ọ̀pọ̀lọ́ fi hàn pé Cdt1 ni ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tó ń fúnni ní àṣẹ. Ó wà lára ọ̀pọ̀lọ́, ó wà lára eku, ó wà lára wa. Tiwa wà lórí kúrómósómù kẹrìndínlógún.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Lẹ́yìn tí sẹ́ẹ̀lì bá ti pín tán, tó ń múra fún àdàkọ mìíràn, Cdt1 àti ẹnìkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ Cdc6 á lọ síbi tí àdàkọ ti máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á so òrùka kan tí wọ́n ń pè ní MCM mọ́ DNA, wọ́n á so èkejì mọ́ ọn, kí méjèèjì kọjú síra. Òrùka yẹn ni àṣẹ. Ibi tí òrùka bá wà nìkan ni àdàkọ ti lè bẹ̀rẹ̀, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, òrùka náà á kúrò níbẹ̀, á máa ṣí DNA sílẹ̀ lọ, ibẹ̀ á sì di ibi tí kò ní àṣẹ mọ́. Ohun tí mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀ ní kíláàsì ni dáńfó tó fẹ́ kó èrò ní gáréèjì: wọ́n á já tíkẹ́ẹ̀tì òòjọ́ fún un láàárọ̀, á sì fi ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú sẹ́ẹ̀lì, bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá ti ṣí báyìí, wọ́n á pa ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Cdt1 tó bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì nígbà tí àdàkọ bẹ̀rẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Àwọn pùrótéènì mìíràn á sàmì sí i lára, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń lọ nǹkan kúnná. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹ̀rọ tó ń ṣe àdàkọ gan-an ló ń fa ikú rẹ̀: bí Cdt1 bá sún mọ́ ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa sàmì sí i. Bí ìyẹn kò bá sì tó, ẹ̀ṣọ́ mìíràn tún wà tó ń jẹ́ geminin, tí McGarry àti Kirschner ṣàwárí ní 1998. Geminin máa ń di Cdt1 lọ́wọ́ mú tí kò fi ní lè so òrùka kankan mọ́ DNA, kò sì ní fi í sílẹ̀ àfi ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín. Nígbà náà ni wọ́n á wá pa geminin pàápàá rẹ́, kí àṣẹ tuntun lè wáyé.

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Àwa Yorùbá fẹ́ràn kí nǹkan máa pọ̀ sí i. Àdúrà wa ni pé kí ilé kún, kí ọjà tà, kí ọmọ yè, kí owó bí sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìlú Èkó fúnra rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn ju kó máa fẹ̀ lọ. Èmi náà ń ṣe àmín. Àmọ́ nígbà tí mo wo bí ara ṣe ṣètò ìpọ̀síi tirẹ̀, mo rí i pé agbára tó fi ń dá nǹkan dúró kò kéré sí èyí tó fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ni kó fúnni ní àṣẹ, àmọ́ ẹ̀ṣọ́ méjì, mẹ́ta ni kó gba àṣẹ padà. Kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹyọ kan nínú wọn. Mi ò mọ ìjọba kankan tó ṣọ́ agbára tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ náà kò sì gbọ́dọ̀ kéré jù. Ní 2011 ni àwọn oníṣègùn rí i pé àwọn ọmọ kan tí wọ́n bí pẹ̀lú ìbàjẹ́ nínú jíìnì CDT1, tàbí nínú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bíi CDC6 àti ORC1, kì í ga. Etí wọn máa ń kéré, egungun róbótó tó bo orúnkún kì í sì sí lára ọ̀pọ̀ wọn. Meier-Gorlin ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àṣẹ kì í dé lásìkò, kì í sì í tó, ara á wá máa pín sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ìnira. Bó bá sì wá pọ̀ jù, ó lè di jẹjẹrẹ. Àwọn olùwádìí ti rí Cdt1 tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú jẹjẹrẹ bíi mélòó kan, títí kan ti ẹ̀dọ̀fóró.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí ẹran ara ṣe ń gba àṣẹ, tó sì ń dá a padà, ẹ̀dọ̀ eku ni kó lọ wò. Ní 1931, George Higgins àti Reuben Anderson, ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, kọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń gé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀dọ̀ eku kúrò láìpa eku náà. Títí di òní, ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń lò nínú láàbù káàkiri ayé. Ẹ̀dọ̀ ẹran tó ti dàgbà kì í sábà pín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jókòó, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ, wọ́n ń ṣẹ́ májèlé, wọn kò ro ti ìbímọ. Àmọ́ tí wọ́n bá gé e, ìròyìn á dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Ó máa ń tó wákàtí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ohunkóhun tó hàn nínú DNA wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, àdàkọ á bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan náà, á sì dé góńgó ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ẹ̀dọ̀ tó kù á ti wúwo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi ti tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé apá tí wọ́n gé ló hù padà o. Ibi tí ọ̀bẹ gbà kò tún hu nǹkan kan; àwọn apá tó kù ló fẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni ohun tó máa ń mú mi dákẹ́: ó dúró. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tó ń wọ̀n ọ́n. Kò ju ìwọ̀n tí ara eku náà nílò lọ. Sẹ́ẹ̀lì tó fi gbogbo agbára pín ní ọjọ́ kejì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ní 1967, Moolten àti Bucher so ìṣàn ẹ̀jẹ̀ eku méjì pọ̀, wọ́n gé ẹ̀dọ̀ ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ èkejì tí wọn kò fọwọ́ kàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í da DNA kọ. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ìpè náà ti ń wá. Orí irú ìmọ̀ yìí ni àwọn oníṣẹ́ abẹ dúró lé lónìí tí èèyàn alààyè fi lè gé lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó ń kú lọ, kí ti àwọn méjèèjì sì tún fẹ̀.

Eku kan náà ló tún fi ewu ẹ̀dọ̀ hàn wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n fi ẹ̀pà tó bu bọ́ eku, ẹ̀dọ̀ wọn sì mú jẹjẹrẹ. Ohun tó wà nínú bíbu náà ni aflatoxin, tó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA tí á sì ba lẹ́tà rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu, ẹ má fọ̀ ọ́ jẹ, ẹ má sì lọ̀ ọ́ mọ́ tuntun. Ẹ dà á nù.

Bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti mọ gbogbo èyí láti inú ìwé, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí jẹjẹrẹ wọ ilé wa. Ọmọkùnrin kékeré kan ni, ọmọ àbúrò mi tó ń gbé Múṣin. Páárì rẹ̀ apá òsì wú. Wọ́n ní eyín ni, wọ́n fi omi iyọ̀ sí i, wọ́n fún un ní àgbo. Láàárín ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ apá ibẹ̀ ti ń yọ síta, eyín rẹ̀ sì ti ń mì. Ẹnì kan nínú ilé ní ọfà ni wọ́n ta ọmọ náà. Òmíràn dárúkọ ẹni tó ta á. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n mú lára ibi tó wú náà lọ yẹ̀ wò, wọ́n sọ orúkọ rẹ̀: Burkitt.

Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ará Áílàńdì, ló ṣàpèjúwe àìsàn náà ní 1958, lẹ́yìn tó ti rí i lára àwọn ọmọdé ní Kampala ní Uganda. Níbi tí ibà ẹ̀fọn ti gbilẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, ilẹ̀ wa náà sì wà lára rẹ̀, ó wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọdé. Inú sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó wà fún ìjà ara ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìjà pẹ̀lú ibà àti pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr á mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn máa pín lemọ́lemọ́. Lọ́jọ́ kan, DNA ẹyọ kan nínú wọn á já níbi tí kò yẹ, wọ́n á sì so ó pọ̀ ní òdì: ègé kan láti orí kúrómósómù kẹjọ á lọ lẹ̀ mọ́ ìkẹrìnlá. Orí ègé yẹn ni jíìnì MYC wà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pe ọ̀pọ̀ jíìnì ìpín sẹ́ẹ̀lì síṣẹ́. Ibi tó bọ́ sí yìí, wọn kì í pa iná ibẹ̀. MYC á wá máa pariwo pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pín, tọ̀sán tòru. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ ara èèyàn, èyí wà lára àwọn tó ń yára jù: àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ìyá ọmọ náà dì mọ́ mi lọ́wọ́ ní ìta wọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ kàwé nípa ẹ̀. Ẹ má tàn mí. Ta ló ta ọmọ mi lọ́fà?"

Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ta á. Mo ní, nínú ara ọmọ rẹ, sẹ́ẹ̀lì tó ń jà fún un ni, tó ń bá a lé ibà lọ, ló gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Kì í ṣe àfọwọ́fà mi?" Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti ń fura sí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ni oògùn àkọ́kọ́ tó wọ ilé náà, nítorí pé láti ọjọ́ yẹn ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti lè wá bá a jókòó ti ọmọ.

Oògùn tí wọ́n fún ọmọ náà, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ vincristine, eku ló sì mú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òdòdó kékeré kan wà tí ẹ máa rí nínú ìkòkò níwájú ọ̀pọ̀ ilé ní Sùúrùlérè, elépèélé márùn-ún, òmíràn funfun, òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú. Láti Madagascar ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Àwọn èèyàn ní Jamaica máa ń se ewé rẹ̀ mu fún ìtọ̀ ṣúgà, ẹnì kan sì fi ewé náà ránṣẹ́ sí Kánádà, sí ìdílé Robert Noble. Noble àti Charles Beer fún eku ní omi ewé náà mu, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà. Wọ́n wá gún un fún eku mìíràn ní abẹ́rẹ́. Àwọn eku náà kú. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn kó wọn dànù kó sì jáwọ́, àmọ́ àwọn wọ̀nyí tú wọn wò, wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pé mùdùnmúdùn inú egungun wọn ti gbẹ, pé àrùn lásán ló wọlé pa wọ́n. Ohun tó lè pa sẹ́ẹ̀lì funfun eku báyìí, ṣé kò ní pa èyí tó ń pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn? Ní 1958 ni wọ́n kéde vinblastine. Láti inú ewé kan náà ni vincristine ti jáde, tí Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí lílò rẹ̀ ní 1963.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ti da DNA rẹ̀ kọ tán, ó máa ń ta okùn tín-ín-rín kan tó fi ń fa àwọn kúrómósómù sí apá méjì. Vincristine kì í jẹ́ kí okùn yẹn so. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pín kíákíá ni yóò kọ́kọ́ pa, ìdí nìyí tí Burkitt, tó yára tó bẹ́ẹ̀, fi máa ń tètè gbọ́ oògùn. Sẹ́ẹ̀lì ìdí irun náà máa ń pín, ìdí nìyẹn tí orí ọmọ náà fi pá. Wíwú tó wà ní páárì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí abẹ́rẹ́ tó pọ̀ rárá. Ọmọ náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí, ó sì ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó wá ìdí ọ̀rọ̀ ìjánu tó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró náà. Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́padé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 lórí apá kan kúrómósómù kẹsàn-án tó máa ń sọnù nínú àwọn jẹjẹrẹ kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá rí jíìnì p16, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá sẹ́ẹ̀lì dúró kó má bẹ̀rẹ̀ àdàkọ. Mo máa ń dárúkọ Ọlọ́padé fún àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá kò burú láti pa eku nítorí ìwádìí. Ìdáhùn mi ni pé ó wúwo, ó sì yẹ kó wúwo. Ẹni tó bá gé ẹ̀dọ̀ eku gbọ́dọ̀ fi oògùn pa ìrora rẹ̀, kó má lo mẹ́wàá níbi tí márùn-ún ti tó, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ lódodo, nítorí pé àbájáde tí wọ́n parọ́ mọ́ ti sọ ikú ẹran náà di asán. Ó dùn mí pé láàbù wa níbí ń jìjàkadì pẹ̀lú iná mànàmáná, pé ẹ̀rọ tó yẹ kó mú nǹkan tutù ń yọ́, pé akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ń kó ẹrù lọ sókè òkun. Ìbéèrè nípa Burkitt, ọ̀dọ̀ wa ló yẹ kí ìdáhùn rẹ̀ ti wá, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ọmọ tó ń ṣe wà. Ní 2019 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtànṣán tó bá ìgbà mu. Ó dára gan-an. Kí ìjọba àti àwọn olówó wa fi irú ọwọ́ kan náà mú láàbù, kí wọ́n sì san owó oògùn àwọn ọmọdé.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ikùn ọmọ yín bá wú, tí kò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tàbí tí ẹ bá rí i pé ó ń tóbi lójoojúmọ́, ẹ má ṣe pe ìpàdé ẹbí lórí ẹni tó ṣe é. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n mú lára ibi tó wú lọ fún àyẹ̀wò. Àìsàn yìí ní oògùn, ọ̀pọ̀ ọmọ tó tètè débẹ̀ ló sì ń yè.